Wíwá Orírun Ìdílé ní Kábà àti ní Ilẹ̀ Òkun: Iṣẹ́ Awo àti Iṣẹ́ Ìwé

Lọ́dọ̀ tiwa ní Kábà, "Òkun o" ni à ń kí ara wa láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, ìbéèrè àwọn àlejò ló fà á. Nígbà kan, ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ awo, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló máa ń gbé wá. Ní báyìí, àwọn kan ń bọ̀ láti Èkó, láti Àbújá, àní láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n á jókòó síwájú ọpọ́n, tí wọ́n á ní, "Bàbá, ilé wo ni mo ti wá? Ẹ bá mi bi Ifá." Ọ̀pọ̀ awo ń dáhùn kíákíá. Ẹ̀rù ìdáhùn kíákíá yẹn ló ń bà wá, nítorí ó ti kó àwa fúnra wa sí wàhálà rí.

Kí a tó máa kọ́ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa. Ní àárín àwọn ọdún 1980, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, ìwé ń pa wá bí ọtí. Ìdílé kan wá bá wa pé kí a bá wọn kọ ìran wọn sílẹ̀, nítorí oyè kan fẹ́ kàn wọ́n. A gbọ́ tẹnu àgbà ọkùnrin mẹ́rin, a kọ orúkọ baba àti ọmọ títí dé ẹni kẹsàn-án. Orúkọ kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A rò pé ẹni kan náà ni, pé ìrántí àwọn bàbá ló ń yí po. A pa méjèèjì pọ̀, a sọ ọ́ di ẹyọ kan. Ṣé ẹ rí i, bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ tí a fi sọrí rẹ̀ ni. Bí a ti pa wọ́n pọ̀, ẹ̀ka kan pòórá nínú ilé yẹn, àwọn ọmọ ẹ̀ka náà sì di ẹni tí kò ní ìpín nínú oyè. Wọ́n tẹ ìwé náà, wọ́n gbé e lọ síwájú àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kan ń kì òkú níbi ìsìnkú, tó kì ọkùnrin àkọ́kọ́ mọ́ ìyá rẹ̀, tó sì kì ọkùnrin kejì mọ́ ìyá mìíràn, tó wá láti ìlú mìíràn. Ojú tì wá. A ò tilẹ̀ bi obìnrin kankan léèrè nígbà tí à ń kọ ọ́.

Ibẹ̀ ni a ti kọ́ ohun tí a ń sọ yìí.

Àwọn tí kò mọ ilẹ̀ wa dáadáa, ẹ fi sọ́kàn pé ẹ̀yà márùn-ún ni a máa ń kà sí Òkun: Owé tí Kábà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Orúkọ "Òkun" gẹ́gẹ́ bí orúkọ àpapọ̀ kò tíì pẹ́. Ní àwọn ọdún 1960 ni obìnrin onímọ̀ kan, Eva Krapf-Askari, tó wá ṣe ìwádìí nípa Owé, mú un láti inú ìkíni wa. Kí ó tó dìgbà náà, ìjọba ń pè wá ní ará Kabba Province, a sì wà lábẹ́ ìhà Àríwá. Lẹ́yìn rẹ̀ a di ará Kwara, ó sì di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 kí a tó di ará Kogí. Ẹni tó bá ń wá ìwé nípa bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ètò yìí, nítorí ibi tí ìjọba ọjọ́ náà wà ni ìwé náà wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti lọ sí Ìbàdàn lọ wá ohun tó wà ní Kàdúná.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwa kò rí ju ìdí ẹsẹ̀ jókòó lọ. Síbẹ̀ ó ṣe wá lóore kan: ó kọ nípa ilà ojú Yàgbà, pé ilà gígùn mẹ́ta ni, tó pàdé létí ẹnu. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. A ó padà sí i.

Ẹni tó gba ìtàn wa lọ́wọ́ ìgbàgbé ni Adé Ọbáyẹmí, ọmọ Ìffẹ̀-Ìjùmú. Ní 1976, nínú ìwé ńlá tí J. F. Ade Ajayi àti Michael Crowder ṣe olóòtú rẹ̀ lórí ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sọ pé kì í ṣe ìrìnàjò kan ṣoṣo láti Ifẹ̀ ló bí gbogbo ìlú Yorùbá. Pé àwọn ìlú kéékèèké, tí olúkúlùkù ní olórí àti òrìṣà tirẹ̀, ti wà kí àwọn ìjọba ńlá tó dé, àti pé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn kan. Ta ni kò fẹ́ jẹ́ ọmọ Ifẹ̀? Àwa awo pàápàá, Ifẹ̀ ni à ń júbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Kábà lè ka orúkọ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó "ti Ifẹ̀ wá". Bí a bá fún ìran kọ̀ọ̀kan ní 30 ọdún, ìran mẹ́sàn-án kò ju 270 ọdún lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní Ìtaàkpá, ihò àpáta kan lẹ́bàá Ìffẹ̀-Ìjùmú, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìkòkò amọ̀ àti èkùrọ́ tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Ènìyàn ti ń gbé níhìn-ín, ó ń jẹ ẹyìn, ó ń mọ ìkòkò. Níbo ni orúkọ wọn wà nínú ohun tí à ń kà?

Èyí kò sọ ìtàn ilé wa di irọ́. Ohun tó fi hàn ni pé ìtàn ìdílé kì í ka gbogbo ènìyàn. Ẹni tó dá oyè sílẹ̀ ni ó ń kà, àti ẹni tó da òrìṣà wá, àti ẹni tó gba ilẹ̀. Ẹni tó kàn gbé ilé ayé rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tó gbin iṣu, tó kú, kì í pẹ́ tí ẹnu fi ń fò ó. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ orúkọ mẹ́sàn-án, ẹ má sọ pé ìran mẹ́sàn-án ni. Ẹ sọ pé orúkọ mẹ́sàn-án tí ilé náà kò lè gbàgbé ni.

Ifá ńkọ́? Ká sòótọ́ fún ara wa. Nínú ẹsẹ Ifá, orúkọ ìlú wà, orúkọ ọba wà, orúkọ awo àtijọ́ wà. Wándé Abímbọ́lá ti fi èyí hàn nínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ní 1968, àti nínú ìwé tí Ṣàbúrì Bíòbákú ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1973 lórí ibi tí a ti lè rí ìtàn Yorùbá. Ifá tún lè sọ èèwọ̀ ẹni, òrìṣà tí ẹni yóò bọ, ìhà ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀, yálà ìhà baba tàbí ìhà ìyá. Ṣùgbọ́n kí odù já, kí awo sọ pé "ilé báyìí, ní àdúgbò báyìí, bàbá rẹ ni báyìí", èyí kò sí nínú ohun tí àwọn olúwo wa kọ́ wa. Ẹni tó bá ń ṣe é ń fi orúkọ Ọ̀rúnmìlà ta ọjà tí kì í ṣe ti Ọ̀rúnmìlà.

Ohun tí awo mọ̀ lóòótọ́, tí ilé ìwé kankan kò mọ̀, ni àkọsẹ̀jayé. Nígbà tí a bí ọmọ, awo ilé ló gbọ́ odù tó jáde, ló mọ èèwọ̀ tí wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀, ló sì mọ ilé tí ìyá náà ti wá, nítorí wọ́n bi í léèrè níbẹ̀. Àwọn olúwo àtijọ́ gbé gbogbo èyí sínú orí, wọ́n sì gbé e lọ sí sàárè. Ó dùn wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ọ́kọ lónìí, ìwé ajákọ lásán tó tálákà bí kí ni yóò ṣe iṣẹ́ yìí: ọjọ́, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá pẹ̀lú ilé ìyá, odù, èèwọ̀. Ẹ má kọ àṣírí awo síbẹ̀, ẹ kọ ẹni tí ọmọ jẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tó kan awo gan-an. Nílẹ̀ Yàgbà, àwọn ilé kan wà tí kì í ṣe ikin tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń dá Ifá, agbìgbà ni. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní èso mẹ́jọ lórí ẹ̀wọ̀n kan. Agbìgbà jẹ́ okùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èso mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. William Bascom mẹ́nu kàn án nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá ní 1969. S. F. Nadel ti kọ nípa irú ìdáfá tó jọ ọ́ lọ́dọ̀ àwọn Núpé ní 1954, John Boston sì kọ nípa ti àwọn Ígálà ní 1974. Àwọn tó ń fi ọwọ́ rọ́ agbìgbà sẹ́yìn pé "kì í ṣe Ifá gidi" ń jó ìwé ìtàn nínú iná láìmọ̀. Bí ilé kan bá ní agbìgbà tí ilé kejì sì ní ikin, ó yẹ kí a béèrè: ta ló kọ́ bàbá wọn, láti ìhà ibo? Odò Ọya ni, àbí Èkìtì? Ọ̀nà tí awo gbà dé ilé lè yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ gbà dé ibẹ̀, àmọ́ méjèèjì jẹ́ ìtàn ilé.

A dé ibi tó le. Láti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ogun Núpé ti ń jà wá, títí ìlú wa fi di abẹ́ Bídà. Àwọn àjẹ́lẹ̀ tí a mọ̀ sí ogbà jókòó láàárín ìlú láti gba ìṣákọ́lẹ̀, ènìyàn sì wà nínú ìṣákọ́lẹ̀ náà. Ilé kan á fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀, ilé mìíràn á fi ọmọ ẹni tó sá wọ ìlú sílẹ̀ dípò tirẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, tí Goldie darí, wọ Kábà, tí àwọn ọmọ ogun Núpé tó wà níhìn-ín fi ibùdó wọn sílẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Bídà ti ṣubú. Bàbá bàbá wa rí i pẹ̀lú ojú rẹ̀.

Ẹ bi àgbà kankan lónìí pé ta ni ilé yín fi sílẹ̀ fún ogbà. Yóò dákẹ́. Ẹ bi í pé ta ni ẹ rà, tó di ọmọ ilé, tó jẹ́ orúkọ ilé. Yóò tilẹ̀ dìde. A mọ ìdí rẹ̀: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gba oyè, ilẹ̀ àti ìyàwó lọ́wọ́ odindi agbo ilé. Àwa náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Kábà, a ò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kó lọ ní ọmọ. Ọmọ wọn ló ń bọ̀ wá jókòó síwájú ọpọ́n yìí.

Wọn kò sì lọ láìní àmì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tà sí ọkọ̀ òkun ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú omi, tí wọ́n kó lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni akọ̀wé ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá, ọjọ́ orí wọn, gíga wọn, àti ilà tó wà lójú àti lára wọn. Orúkọ tó wà nínú àwọn ìwé náà lé ní 80,000. Ẹ rántí ilà Yàgbà tí a sọ pé a ó padà sí. Akọ̀wé náà kò gbọ́ Yorùbá, ó kọ orúkọ bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ, torí náà ẹ kà á sókè, ẹ má fi ojú kà á. Àwọn ìwé náà wà ní Freetown, a sì ti ya àwòrán púpọ̀ nínú wọn sórí kọ̀ǹpútà.

Ní Freetown yìí kan náà ni àlùfáà Jámánì kan, Koelle, ti jókòó ti àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀, tó ń kọ ọ̀rọ̀ èdè wọn sílẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1854, ó ya Yàgbà sọ́tọ̀, Ìjùmú sọ́tọ̀, Ọ̀wọ́rọ̀ sọ́tọ̀, ó sì tún pe ẹ̀yà kan ní Eki. Ó kọ díẹ̀ nípa ìgbésí ayé àwọn tó sọ èdè náà fún un pẹ̀lú. Kò sí ìwé mìíràn tí a mọ̀ tó gbọ́ ohùn àwọn bàbá wa ju èyí lọ, èdè Òkun láti ẹnu ẹni tí wọ́n kó lọ tipátipá.

Àpẹẹrẹ tí a fẹ́ràn jù ni ti James Thomas. Ìkúdọ̀n nílẹ̀ wa ni wọ́n ti bí i. Ní nǹkan bí 1832 ni wọ́n mú un lẹ́rú. Ó dé Sàró, ó kọ́ ìwé, ó di Kristẹni. Ní 1857, ó bá ìrìnàjò tí Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀ padà wá sí ẹnu odò, ó sì ń ṣiṣẹ́ ìjọ ní Gbẹ̀bẹ̀, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ìwé tó ń kọ ní ojoojúmọ́ ní 1858 sí 1859 wà nípamọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ CMS. Fẹ́mi Kọ́lápọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2000. Kristẹni ni ọkùnrin yìí o, ohun tó sì sọ nípa òrìṣà lè má dùn mọ́ awo nínú. Kí ìyẹn má dí wa lọ́wọ́. Ọmọ wa ni, ó kọ orúkọ ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ìlú náà kò sì lè sọ pé òun kò ní ìwé mọ́. Àwọn ìwé CMS wọ̀nyí wà ní yunifásítì Birmingham ní ìlú Ọba.

Ẹni tí ilé rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀, Kàdúná ni kó lọ. Ní 1954 ni wọ́n dá ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba sílẹ̀ lábẹ́ Kenneth Dike, ẹ̀ka ti Kàdúná ló sì ní àwọn fáìlì Kabba Province, tí wọ́n ń pè ní Lokoprof. Ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ìlú kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ owó orí, ẹjọ́ oyè, ẹjọ́ ilẹ̀, ó wà níbẹ̀. Ẹ fi ìfura kà á. Òyìnbó náà dé ní ọjọ́ mẹ́ta, ógbufọ̀ kan ló gbọ́ tirẹ̀, ilé tí ógbufọ̀ náà ti wá sì ní ohun tó ń wá. Oyè tiwa jẹ́ oyè ìpele: Ìgẹmọ, Ọ̀rọ̀ta, Ọlọ́lù, pẹ̀lú Ọbáro, Ọbadọ̀fin àti Ọbajẹmu lókè. Òyìnbó ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bá sọ̀rọ̀ lórí owó orí. Ohun tí ó ń wá ni ó rí, ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ìwé ìrìbọmi ilé ìjọsìn wà pẹ̀lú. Ó lè ya awo lẹ́nu pé àwa ń rán ènìyàn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìrìbọmi fún bàbá kan ni wọ́n ti kọ orúkọ Ifá tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tuntun. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí Ifá ti kúrò nínú orúkọ wọn, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè rí i pé ilé awo ni ilé wọn.

Ìwé kan tún wà tí gbogbo wa fi ń di ẹ̀pà: ìwé ètò ìsìnkú. Kò sí ilé tí kò ní in lábẹ́ ibùsùn. Orúkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ, àna, ìlú ìyá, ọdún tí ó lọ sí ogun Burma, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Bẹ́ẹ̀ náà ni kàlẹ́ńdà tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú ń tẹ̀ lọ́dọọdún, tí àwòrán àwọn olóyè wà lórí rẹ̀. Ọdún bá yí, wọ́n á ya á dànù. A bẹ̀ yín, ẹ dákun, ẹ má ya á mọ́. Àléébù ìwé ìsìnkú kò ju ọjọ́ orí lọ. Gbogbo ìyá tó kú ní Kábà ti pé 110. Ẹ fi ohun tí ojú rí wọn ọdún náà. Ṣé ó ti gbọ́njú nígbà tí àrùn 1918 pa ènìyàn? Ṣé ó ti lọ́kọ nígbà tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1947? Ṣé ó ti bí àbíkẹ́yìn kí náírà tó dé ní 1973? Ìdáhùn mẹ́ta bẹ́ẹ̀ dára ju ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí wọ́n ṣe ní kóòtù lọ.

Nílẹ̀ Bùnú, ẹ béèrè aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ òkú olóyè. Elisha Renne kọ odindi ìwé lórí aṣọ Bùnú ní 1995. Ẹni tí wọ́n fi ìpò sin kì í ṣe ẹni lásán, àwọn ilé sì máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti gbàgbé ohun mìíràn.

Àwọn tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà máa ń mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ dání. Ó lè tọ́ka sí agbègbè tó gbòòrò. Kò lè dárúkọ agbo ilé. Bí awo kan bá fi ìwé yẹn ṣe ẹ̀rí kí ó tó "fi ilé han" àlejò, kí ó tó gba owó ilẹ̀ àti owó oyè lọ́wọ́ rẹ̀, olè ni, ẹ jẹ́ kí a pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwa díẹ̀ tí a wà ní Kábà, iṣẹ́ tí à ń ṣe kò tóbi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ Ifá, a máa ń lọ sí agbo ilé kan, a ń gba ohùn àwọn ìyá sílẹ̀ ṣáájú ti àwọn bàbá. Oríkì la kọ́kọ́ ń gbà, lẹ́yìn rẹ̀ èèwọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ orúkọ. A kì í pa orúkọ méjì pọ̀ mọ́. Bí ó bá wà lẹ́ẹ̀mejì, a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún wa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé tó bá ní kí a má kọ ohun kan, a kì í kọ ọ́. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ilé náà, ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wa.

Ìwé ti àárín àwọn ọdún 1980 yẹn, a ti tún un kọ, pẹ̀lú ìyá méjèèjì àti ẹ̀ka tó pòórá. A mú un lọ fún àwọn ọmọ ẹ̀ka náà. Àgbà wọn gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí a lọ mú èyí àkọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ṣì ń lò ó. A ti rí ẹ̀dà márùn-ún gbà padà. Ẹni tó bá mọ ibi tí èyí tó kù wà, kó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wa.